Fèrè Ìrọbí

Ọ̀gá Fèrè ti gbé ìyàwó ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn kó lọ bímọ, ìyàwó ọ̀hún sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi létí títì, ó di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì ń wo ẹ̀yìn mọ́tò tó ń lọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Irun ni mò ń dì. Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ọ̀gá Fèrè àti ìyàwó ẹ̀ ló sì ń gbé lókè orí mi gan-an. Tí wọ́n bá fa àga, mo gbọ́. Tí wọ́n bá jà, mo gbọ́. Tí wọ́n bá parí ìjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Oyún ló kúkú ti ibẹ̀ wá.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí iná má jó wọn. Lóṣooṣù, á yọ fèrè lápò, á fọn ọ́n, "Fíìììn!", gbogbo òṣìṣẹ́ á tú síta, wọ́n á máa sá kíjokíjo, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò sí níbì kankan. Á wo aago ọwọ́ ẹ̀, á kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò sínú ìwé, á wá ní, "Gbogbo yín ti jóná. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fèrè. Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, mi ò rò pé ìyàwó ẹ̀ pàápàá ṣì rántí.

Oyún dé. Dókítà bi ìyàwó pé báwo ni ìyá ẹ̀ ṣe máa ń bímọ. Ìyàwó ní ọmọ mẹ́fà ni ìyá òun bí, kò sí èyí tó gbà á ní wákàtí kan nínú wọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, ìyá òun ṣì ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì.

Dókítà bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí fún ọkọ, "tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ má fi falẹ̀ o. Ẹ tètè gbé e wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀bí nílé."

Ọ̀gá Fèrè tó máa gbẹ̀bí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí abẹ ìfárùngbọ̀n bá ha á lára fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ní láti wá àga fún un kó jókòó!

Ọjọ́ yẹn ni oorun dá lójú ẹ̀. Ó ta tẹlifíṣàn. Ó ta fáànù ńlá. Ó ta rédíò tó ń fi dá mi lágara láràárọ̀, fún ìyẹn, kí ọmọ náà máa bọ̀, mo ti fẹ́ràn ẹ̀. Ó kó gbogbo owó yẹn pọ̀, ó fi ra mọ́tò àlòkù kan. Mọ́tò ọ̀hún kéré débi pé tó o bá jókòó sínú ẹ̀, orúnkún ẹ á fẹ́ẹ̀ máa kan imú ẹ. Ilẹ̀kùn kan ò ṣí. Èkejì ò tì. Ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Owó tó kù, ó pín in sínú àpòòwé, ó kọ nǹkan sára wọn: "Epo." "Káàdì." "Ìbímọ." "Aṣọ Ọmọ." Àpòòwé tó nípọn jù lọ, ó kọ "Àìròtẹ́lẹ̀" sí i lára gàdàgbà.

Mo bi í léèrè, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu mi ò lè dákẹ́. "Ọ̀gá Fèrè, kí lẹ fẹ́ fi owó àìròtẹ́lẹ̀ yìí ṣe?"

"Àǹtí Onídìrí, tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé àìròtẹ́lẹ̀ ló tún ń jẹ́?"

Mo padà sídìí irun mi.

Ìgbà tó wá ṣètò ìyẹn tán ló gbé ti fèrè dé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dánra wò fún iná làwọn náà á ṣe dánra wò fún ìrọbí. Fèrè kìíní: aboyún á pariwo. Fèrè kejì: báàgì ọmọ á dé ọwọ́ òun, gbogbo fóònù á wọnú báàgì. Fèrè kẹta: mọ́tò á gbéra.

"Kí ló dé tí fóònù fi gbọ́dọ̀ wọ báàgì?" Ìyàwó ló bi í.

"Fóònù ló ń pa èèyàn tíná bá ń jó. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa pe ẹ̀gbọ́n wọn."

"Iná ń jó ni? Ọmọ ni mo fẹ́ bí!"

"Ìkan náà ni."

Ìdánrawò àkọ́kọ́, oyún oṣù méje. Ó fọn fèrè. Ìyàwó rọra ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dé àárín, ó jókòó.

"Dìde! A ti jóná!"

"Ká jóná. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lò dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyàwó ní, "Ọkọ mi, èèyàn ni mo gbé síkùn, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Mi ò ṣe mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lọ gbé nǹkan mìíràn."

Ó gbé nǹkan mìíràn lóòótọ́! Àpò yanrìn ló gbé síjókòó ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ àga. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó wá ń ṣàròyé fún mi pé àpò yanrìn ò ṣe é dánra wò nítorí pé kì í pariwo.

Ibẹ̀ ni nǹkan dé tí Màmá ìyàwó fi kó ẹrù ẹ̀ dé láti wá dúró de ọmọ.

Ẹ gbọ́ o. Ìyá àgbà wọlé, ó wá tẹlifíṣàn tì. Wọ́n ti tà á. Ó wá rédíò tì. Wọ́n ti tà á. Kí ni kí ìyá ẹni máa wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ògiri? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó rí i tí ọkọ ọmọ ẹ̀ ń gbé yanrìn sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ló ń ṣe. Ó ṣàlàyé. Màmá wo àpò yanrìn náà.

"Ọkọ ọmọ mi, èmi tí mo ti bí mẹ́fà, ṣé mi ò lè ṣe bí ẹni tó fẹ́ bí ìkeje ni?"

Àṣé eré orí ìtàgé ni ìyá yìí ìbá máa ṣe láti kékeré, wọn ò kàn rí i mú ni! Ó fi ọ̀já so pílò mọ́ ikùn. Bí fèrè bá ti dún báyìí, "Fíìììn!", òun náà á ti gbà á: "Yéè! Ó ti ń bọ̀ o! Ẹ gbà mí o!" Ojú á ranko. Á máa gbá ẹ̀yìn àga. Oníbàárà mi kan gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sá jáde láìsanwó irun.

Tí wọ́n bá dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n á yí padà, Ọ̀gá Fèrè á sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún Màmá. Ọtí yìí ló bà á jẹ́ pátápátá. Kò pẹ́, tí fèrè bá dún nígbà tó ń wẹ̀, á ké nínú ilé ìwẹ̀. Tó bá dún nígbà tó ń sùn, á ké kó tó lajú. Mo rí i tí ọlọ́pàá ojú títì fọn tiẹ̀ lọ́nà jíjìn réré, Màmá gbá inú mú láàárín ọ̀nà!

Ẹ̀rín ń pa mí!

Iṣẹ́ tó kù fún ìyàwó kò ju pé kó sọ̀ kalẹ̀, kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó juwọ́ sí wọn bí wọ́n bá ń kọjá lọ. Á juwọ́, ọkọ ẹ̀ náà á juwọ́, Màmá á lọgun, mọ́tò á lọ. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìnlá. Nígbà tó dé méjìlá, kò sọ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ẹ̀ máa sunkún. Mọ́kànlá ló ń wá.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ní òun ò lè gbé orí játijàti lọ pàdé ọmọ òun, kí n bá òun dì í kó mọ́ kó tó dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Mo ti dì í dé ìdajì. Apá ọ̀tún ń dán, apá òsì dúró gàgàrà bí ìgbálẹ̀.

Ó kàn di apá àga mú.

"Àǹtí."

"Hùn?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ da omi sílẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Èmi kọ́ ni mo da omi sílẹ̀ o!

Mo ju òòyà nù, mo bẹ́ síta, mo gbójú sókè, mo figbe ta. "Ọ̀gá Fèrè! Ó ti dé o! Ìyàwó yín ti fẹ́ bímọ! Tòótọ́ ni o, kì í ṣe ìdánrawò!"

Mi ò tíì pa ẹnu dé.

"Fíìììn!"

"Yéè! Ó ti ń bọ̀ o! Ẹ gbà mí o!" Oorun ni Màmá ń sùn. Fèrè nìkan ló gbọ́.

"Fíìììn!" Mò ń gbọ́ tí nǹkan ń ṣubú lókè, gbì, gbà, gbòlà. Mo sọ fún ìyàwó pé, "Fọkàn balẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ." Ẹ̀yìnkùlé ni àtẹ̀gùn wọn wà, ibẹ̀ náà ni mọ́tò ń sùn, ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń gbà jáde. Mo di ìyàwó mú, a bọ́ sétí títì, a nawọ́.

"Fíìììn!"

Mọ́tò wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó gbiná. Ó yọ síta. Ọ̀gá Fèrè ló ń wà á, fèrè wà lẹ́nu ẹ̀, ọṣẹ funfun bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan, ó ti fá èkejì. Màmá wà lẹ́yìn, pílò wà níkùn, ó ń gbá àga.

Ó wò wá. Ó rí wa dáadáa.

Ó juwọ́ sí wa!

Fùúùù! Ó lọ.

Ìyàwó dúró síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè.

"Àǹtí, ta ló gbé lọ yẹn?"

"Màmá ẹ ni."

"Láti lọ ṣe kí ni?"

"Láti lọ bí ọmọ ẹ."

Ẹ̀rín ń pa mí báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rántí ohun tí dókítà sọ. Mo pe Ọ̀gá Fèrè. Fóònù ń dún, ń dún. Inú báàgì ló wà! Mo pe Màmá. Tiẹ̀ náà wà nínú báàgì! Àwọn fóònù méjèèjì á kàn máa kọrin síra wọn láàárín aṣọ ọmọ ni. Ìyàwó ti di òpó iná mú, ó ń mí bíi ti ẹni tó sáré. Mo sì ń rò ó pé, àbí èmi ni mo máa gbẹ̀bí? Èmi tí gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju orí lọ?

"Póò! Póò!"

Oníbúrẹ́dì dé. Ọkọ̀ ẹ̀ máa ń já búrẹ́dì sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi láràárọ̀.

"Àǹtí Onídìrí! Mélòó ni tòní?"

"Búrẹ́dì kọ́! Aboyún ni! Ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn!"

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó ti ń rọbí!"

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, kó má bí i sórí búrẹ́dì mi o! Wọ́n ti sanwó ẹ̀!"

Mo ti ìyàwó sínú ọkọ̀, mo kó sí i tẹ̀lé e. Ó jókòó sórí páálí, búrẹ́dì gbígbóná lọ́tùn-ún, búrẹ́dì gbígbóná lósì. Ìrora gbé e, ó di ọrùn aṣọ mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni.

"Àǹtí," ló wí, ó wa eyín pọ̀ gírígírí, "ẹ ka aago."

"Aago wo?"

"Ẹ ka aago, ẹ jọ̀ọ́! Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n!"

Mo yọ fóònù, mo tẹ aago. Oníbúrẹ́dì tẹná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yẹn mọ ọ̀nà! Ó ní búrẹ́dì tó bá tutù, wọ́n á dá a padà, nítorí náà kò sí kọ̀rọ̀ tí òun ò mọ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ pákó, ó gba àárín ilé méjì tó jẹ́ pé mo rí ìyá kan tó ń bó iṣu, mo kí i, ó dáhùn. Ní gbogbo ìgbà tí ìrora bá ti gbé ìyàwó, á já búrẹ́dì, á gé e jẹ. Oníbúrẹ́dì ń wò ó nínú dígí.

"Ìyẹn ti di mẹ́ta o!"

"Wa ọkọ̀ ẹ!"

"Ó ti di mẹ́rin!"

Géètì ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló gbà wọlé, èyí tó ń gbà já búrẹ́dì sí ilé ìdáná wọn. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná gan-an ni yàrá ìgbẹ̀bí. Mo tẹ aago dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e wọlé. Mi ò tíì rí àga jókòó sí tí mo fi gbọ́ "Ìnyáà!"

Ọmọbìnrin. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, inú sì ń bí i. Aṣọ ẹ̀ gbogbo ti bá Màmá lọ, nítorí náà aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo búrẹ́dì, èyí tí Oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀, la fi wé e. Ọmọ ń ta sánsán bíi búrẹ́dì àárọ̀. Mo sunkún. Oníbúrẹ́dì sunkún. Ó ní òun ti dárí àwọn mẹ́rin yẹn jì wá.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síwájú ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, ó ń sọ ọ́, ó ń di ògiri mú.

Ó ní mọ́tò kékeré kan ya wọlé, ọkùnrin kan bẹ́ jáde, ìdajì ojú ẹ̀ jẹ́ ọṣẹ, ó ń fò sókè, ó ń pariwo, "Mọ́kànlá! Mọ́kànlá géérégé!" Ó na àpòòwé owó àti káàdì sí wọn, ojú ẹ̀ ò kúrò lára aago. Wọ́n gbé aboyún sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Nọ́ọ̀sì wo káàdì: ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó wo aboyún: irun funfun báláú, eyín iwájú kan ò sí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé?"

"Òun ni! Ẹ tètè! Kíákíá ló máa ń bí!"

Màmá kàn ń gbá bẹ́ẹ̀dì. Ó ti gbà pé ìdánrawò ti gòkè sí i ni, pé lónìí wọ́n á wọnú lọ, àti pé bóyá ọtí ẹlẹ́rìndòdò á di méjì. Ó wá kígbe tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ọ̀sì sáré tú ọ̀já ikùn ẹ̀.

Pílò jábọ́. Pọ̀!

Gbogbo wọn wo pílò. Ọ̀gá Fèrè náà wò ó. Pílò tiẹ̀ gan-an tó fi ń sùn nílé ni.

"Màmá?"

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé a ti ṣe tán?"

"Màmá, ìyàwó mi dà?"

"Ṣebí ó ń juwọ́ sí wa!"

Ọkùnrin yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Nígbà tó rí ara ẹ̀ gbé, ó fò sí mọ́tò, ó padà sílé. Ó bá ṣọ́ọ̀bù mi ní ṣíṣí, omi nílẹ̀, òòyà nílẹ̀, kò séèyàn. Wọ́n ní ó ń sáré ká àdúgbò, ó ń fọn fèrè, ó ń sunkún. Àwọn èèyàn tiẹ̀ ń tú jáde, wọ́n rò pé iná ni. Ẹni tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ mi ló sọ fún un pé inú ọkọ̀ búrẹ́dì ló ti rí wa kẹ́yìn.

Màmá ní tiẹ̀, nígbà tó yé e pé ọmọ òun gan-an làwọn fi sílẹ̀ létí títì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ru sókè fíà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi sí i lápá, wọ́n ní kó sùn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa ta jí i. Yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa. Owó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ju owó ìbímọ lọ! Àpòòwé "Àìròtẹ́lẹ̀" ni wọ́n tú láti fi san án, ó sì kù díẹ̀ kó má tó.

Ọ̀gá Fèrè wọlé bá wa níkẹyìn, òógùn àti ọṣẹ ń ṣàn lójú ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ìdajì orí ní dídì, ìdajì orí ní títú, ọmọ wà láyà ẹ̀. Ọkùnrin yìí kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ẹni pé wọ́n nà án. Ó ní kí ó dárí ji òun. Ó ní òun ò ní tún fọn fèrè mọ́ láyé òun. Mo fẹ́ẹ̀ máa káàánú ẹ̀.

Ìyàwó fọwọ́ pa á lórí.

"Ọkọ mi, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lò?"

Ó nu imú. "Mọ́kànlá."

"Àǹtí, ẹ fi tiwa hàn án."

Mo na fóònù sí i. Mẹ́sàn-án.

Ó wò ó. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un wò. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo ọmọ, ó wo èmi. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

"Kò kà," ló wí. "Kò sẹ́ni tó fọn fèrè."

Ìyàwó ò bá a jiyàn. Ó kàn gbé ọmọ fún mi, ó nawọ́, ó já fèrè gbà lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lára ẹ̀ fọn ọ́n:

"Fíìììììììn!"

Láti yàrá tó kọjú sí wa, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì mì, mo gbọ́ tí irin tí wọ́n fi omi kọ́ ṣubú, gbàràgàdà, ohùn Màmá sì bọ́ síta:

"Yéè! Ó ti ń bọ̀ o! Ẹ gbà mí o!"

Nọ́ọ̀sì mẹ́ta sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀kan nínú wọn gbé pílò dání.